Òjò Tó Ń Kán sí Bàbá Lórí

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa lẹ́yìn Aké ni a sin bàbá mi sí. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, tí wọ́n bá wá kí wa, orí wọn máa ń wú tí mo bá sọ fún wọn pé ibi tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé yẹn, Bàbá ni. Èmi a máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Níbo ni kí bàbá èèyàn wà bí kò bá sí nílé ara rẹ̀? Sìmẹ́ńtì pupa ni gbogbo ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, àfi ibi tí Bàbá sùn sí, tí a fi táìsì funfun tẹ́, tó sì tẹ́jú dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ yòókù. Orúkọ wọn wà níbẹ̀: Jedidiah Adéṣínà Ṣówùnmí. Màámi máa ń nù ún láràárọ̀ kí wọ́n tó bọ́jú ara wọn.

Páànù ilé náà dàgbà jù mí lọ. Ó ti pọ́n bíi ti gbogbo òrùlé tó yí wa ká, débi pé tí èèyàn bá dúró lórí àpáta tó wo ìsàlẹ̀, kò ní mọ èyí tó jẹ́ tiwa. Ihò ìṣó pọ̀ lára rẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Tí oòrùn bá ti gòkè, ìmọ́lẹ̀ á gba àwọn ihò náà wọlé, á máa bọ́ sórí táìsì funfun yẹn ní tótòtó, bí ìràwọ̀ tó gbàgbé pé ilẹ̀ ti mọ́. Màámi á gbé àga wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á máa wo bí àwọn ìmọ́lẹ̀ kéékèèké náà ṣe ń rìn díẹ̀díẹ̀ láti ibi orúkọ lọ síbi ẹsẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ti dé ẹsẹ̀ Bàbá, Màámi á dìde lọ dáná ọ̀sán. Mi ò rí i kí wọ́n wo aago rí.

Ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn. Tó bá di ìgbà òjò, ihò kan náà ni omi ń gbà wọlé, ibi tó sì ń jò jù nínú gbogbo ilé, òkè orí Bàbá gan-an ni.

Bí òjò bá ti ṣú, Màámi á gbé abọ́ tánganran kan sórí táìsì náà, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa da omi rẹ̀ nù bó bá ti ń kún. Òjò ì báà rọ̀ mọ́jú, wọn ò ní fojú ba oorun. Mo ti sọ̀rọ̀ títí ẹnu mi fẹ́ẹ̀ bó. Mo ní, "Màámi, táìsì ló wà lókè yẹn, sìmẹ́ńtì wà lábẹ́ táìsì. Òjò ò lè dé ọ̀dọ̀ wọn." Olùkọ́ ni Màámi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n á kàn wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wo ọmọ tí kò kàwé rẹ̀ wá sílé ìwé, wọ́n á sì kọjú sí abọ́ wọn padà.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo yà lọ kí wọn kí n tó wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Inú ìkùukùu òwúrọ̀ ni gbogbo ìlú ṣì wà, àwọn àpáta kàn ń yọ orí lókèlókè. Màámi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò tíì wẹ̀.

Wọ́n ní, "Àràmídé, bàbá ẹ tún wá. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n bọ́ fìlà wọn, wọ́n ń fún omi kúrò lára ẹ̀. Wọn ò bá mi wí o. Wọ́n kàn ń fún fìlà."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Mo fẹ́ sọ pé ìgbà ọyẹ́ la wà, níbo ni Bàbá ti rójò? Àmọ́ mo rí ọwọ́ Màámi bí wọ́n ṣe ń fi hàn mí, ọwọ́ méjèèjì tí ń fún afẹ́fẹ́, tí ń fún un kíkankíkan, bí ẹni pé fìlà náà wà níbẹ̀. Àánú wọn ṣe mí. Kí n tó dé Ìkẹjà lọ́jọ́ náà, mo ti pinnu pé òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí ò gbọdọ̀ bá páànù yẹn lórí ilé.

Àmọ́ Màámi ní kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kan páànù láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Ọkùnrin kan nísàlẹ̀ àdúgbò wa ló ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ó ti ṣí ìdajì òrùlé rẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri rẹ̀ pé kó dáwọ́ dúró, ìdajì ilé náà sì wà ní gbangba títí òjò fi lọ. Ibẹ̀ ni Màámi ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, ọ̀dà pupa náà sì ń dẹ́rù bà wọ́n.

Ni a bá lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ìbarà. Aṣọ tí Màámi máa ń fi gba Ara Olúwa ni wọ́n wọ̀ lọ. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan lábẹ́ fáànù tó ń yí jẹ́jẹ́, àwọn èèyàn ń kọjá lọ kọjá bọ̀ pẹ̀lú fáìlì láyà, oorun sì ń wọ́ mi lójú. Nígbà tó kàn wá, ẹni tó dá wa lóhùn ní kò sí wàhálà, pé wọ́n á rán ẹnì kan wá wo ilé, tí ohun gbogbo bá sì dára, wọ́n á fún wa níwèé. Màámi dúpẹ́ títí a fi jáde sójú títì.

Abdulkabir ló dá wàhálà sílẹ̀. Òun ni káfíńtà wa, ọmọ àdúgbò ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níṣẹ́, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó wá wọn òrùlé, ó gun àkàbà, ó wo ìsàlẹ̀, ó rí táìsì funfun náà, ló bá kígbe.

Ó ní, "Háà! Àǹtí Àràmídé, ẹ ò ní jẹ́ káwọn ará ọ́fíìsì rí Bàbá o! Mi ò parọ́ fún yín. Wọ́n ṣe é fún ẹnì kan lọ́nà Kọ́bapẹ́. Bí wọ́n ṣe rí sàréè nínú ilé báyìí, wọ́n ní kó lọ hú òkú yẹn síta ná kí wọ́n tó fún un níwèé."

Ẹ̀rù bà mí, mi ò sì bi í pé ta ni ẹnì kan náà. Mo wo Màámi, wọ́n ti di ògiri mú.

Báyìí la ṣe tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé Bàbá lórí. Èmi àti Abdulkabir gbé tábìlì ìjẹun wá láti pálọ̀, a gbé e ka orí kápẹ́ẹ̀tì náà, a to àga yí i ká. Màámi dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Nígbà tí a ṣe tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ sábẹ́ tábìlì pé, "Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́. Kò ní pẹ́." Láti ọjọ́ náà, wọn ò jẹun lórí tábìlì yẹn. Ìmọ́lẹ̀ ihò ìṣó ń bọ́ sórí pákó lásán, Màámi sì ń gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán.

Obìnrin tí wọ́n rán wá ń jẹ́ Oyíndà, kò jù mí lọ. Ọ̀sán ló dé, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, agbòòrùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Màámi dáadáa, ó yí ilé ká, ó fi téèpù wọn ibi tó yẹ, ó wo òkè, ó mi orí. Lẹ́yìn náà ló fa àga kan, ó jókòó sídìí tábìlì, ó kó ìwé rẹ̀ jáde. Bàtà rẹ̀ wà lórí kápẹ́ẹ̀tì, níbi tí mo mọ̀ pé orúkọ wà. Màámi ò gbé ojú kúrò lára bàtà náà.

Oyíndà bi wọ́n pé, "Màmá, ẹ̀yin mélòó lẹ ń gbé níbí?"

Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ ìdáhùn Màámi sí ìbéèrè yẹn. Ẹni yòówù tó bá bi wọ́n, àwa méjì ni wọ́n máa ń wí.

Wọ́n ní, "Èmi nìkan ni."

Oyíndà kọ ọ́ sílẹ̀. Inú ilé ṣàdéédéé ṣókùnkùn. Mo rò pé ẹnì kan ti ilẹ̀kùn ni, mi ò mọ̀ pé ojú ọ̀run ló ti ṣú. Atẹ́gùn gbé etí páànù sókè ó sì nà án mọ́lẹ̀, òórùn erùpẹ̀ tutù wọlé, òjò àkọ́rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láìkí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kán kan bọ́ sórí tábìlì. Òmíràn tẹ̀lé e. Oyíndà fa ìwé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Omi náà ṣàn dé etí tábìlì, ó ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì.

Màámi dìde. Mo fi ojú bẹ̀ wọ́n. Mo mi orí sí wọn pé kí wọ́n jókòó, kí wọ́n fara dà á díẹ̀, kí obìnrin yìí ṣáà kọ́kọ́ lọ. Wọ́n rí mi. Wọ́n mọ ohun tí mò ń sọ, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ nù.

Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyáàfin, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò."

Àwọn nìkan ló ti tábìlì náà, tábìlì tí èmi àti káfíńtà jọ gbé. Àga méjì ṣubú. Wọ́n fa kápẹ́ẹ̀tì ká, táìsì funfun yọ, omi ti wà lójú orúkọ. Wọ́n sáré lọ gbé abọ́ tánganran wọn, wọ́n gbé e sáyè rẹ̀, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í.

Wọ́n ní, "Ọkọ mi nìyí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ má fún mi níwèé. Títí màá fi kú, màá máa gbọn omi náà. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa gbé wọn kúrò ńbí."

Oyíndà bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ó ní, "Màmá, ta ló sọ fún yín pé a fẹ́ gbé wọn? Òrùlé lẹ ní kí n wá wò." Ó tún sún mọ́ wọn. "Nílé wa ní Owódé, ẹnu ọ̀nà yàrá mi gan-an ni bàbá mi wà. Tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, mo máa ń ní kí wọ́n kú ilé."

Ó kúnlẹ̀, ó ka orúkọ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Ẹ kú ilé o, Bàbá Ṣówùnmí. Ẹ má bínú, mo gbẹ́sẹ̀ lé yín láyà." Ó wá rí i pé òjò tún ń kán síbi ẹsẹ̀, níbi tí abọ́ ò dé. Ó na ọwọ́ mú agbòòrùn rẹ̀, ó ṣí i, ó gbé e ka ẹsẹ̀ Bàbá.

Bẹ́ẹ̀ làwa mẹ́ta jókòó yí agbòòrùn náà ká nínú ilé, tí a ń gbọ́ òjò. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Ó ń ṣe mí bíi kí ó má dá. Nígbà tó yá, Oyíndà fa ìwé rẹ̀ jáde padà.

Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin mélòó lẹ ní ẹ̀ ń gbé níbí?"

Màámi wò ó títí, omijé ń dà lójú wọn. Wọ́n ní, "Àwa méjì ni, ọmọ mi."

Ó fa igi sí èyí tó ti kọ tẹ́lẹ̀, ó sì kọ èyí tí wọ́n wí.

Ìwé àṣẹ jáde kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Mo fi Abdulkabir ṣẹ̀sín títí tó fi ń fi fìlà bojú, tó ń ní òun náà kàn gbọ́ ọ ni. Òkè orí Bàbá ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó ṣí páànù àkọ́kọ́ kúrò, odindi ojú ọ̀run wọlé sórí táìsì, Màámi sì dúró lábẹ́ rẹ̀, wọ́n gbójú sókè. Páànù tuntun ò ní ihò. Mo ra aago kan kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n lè mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dáná.

Òjò ńlá tó tẹ̀lé e, ojú ọ̀nà ló ti bá mi, mò ń bọ̀ láti Èkó nírọ̀lẹ́. Mi ò lọ sílé mi. Aké ni mo gbà lọ tààrà, aṣọ mi rin gbingbin. Mo bá Màámi lórí àga wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táìsì, abọ́ tánganran wà lórí itan wọn, òjò ń lu páànù tuntun lókè bí ẹni ń da ẹ̀wà sínú agolo. Mo la ẹnu láti kí wọn. Wọ́n fi ìka bo ètè.

Wọ́n ní, "Rọra. Bàbá ẹ ti sùn."

Wọ́n na abọ́ náà sí mi pé kí n lọ gbé e pamọ́. Ó gbẹ. Nígbà tí mo máa fi ti ilé ìdáná padà dé, Màámi náà ti sùn lórí àga.