Ìrẹsì Fídàú Lẹ́yìn Ọkọ̀ Oníbátìrì

Nígbà tí wọ́n gbé àpò ìrẹsì àkọ́kọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, Mùsílíù dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé èkejì, ó tún dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àpò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti ilé dé ilé ní abúlé Ìdí-Ẹ̀mì, tí àwọn ọkùnrin ń rù ú bọ̀ bí ìjàlọ tó rí ẹran, ọpẹ́ kò fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó ń wo táyà ẹ̀yìn bó ṣe ń rì sínú yanrìn, kò sì lẹ́nu láti sọ pé ó tó.

Ta ni yóò sọ pé ó tó? Fídàú ogójì Àlímátù ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ń dá ìrẹsì náà sí. Abúlé yẹn ni wọ́n bí Àlímátù sí. Ìrẹsì ọ̀fàdà ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, òun ló sì ń bá wọn tà á ní Aké títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ẹni tó bá kọ sàárà tí ènìyàn mú wá nítorí òkú, òkú gan-an ló kọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbà á ní Ìdí-Ẹ̀mì, bẹ́ẹ̀ ni Mùsílíù náà gbà á, ẹni tí kò tíì sunkún lójú ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyàwó rẹ̀.

Ọkọ̀ akẹ́rù náà kì í mu epo. Bátìrì ló ń gbé e rìn. Yasir, ọkọ Rodiat ọmọ rẹ̀, ló rà á nígbà tí apá kò ká owó epo mọ́. Èkó ni Yasir ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún bàbá ìyàwó rẹ̀ láti fi kó ọjà. Ó ti kìlọ̀ fún un pé nọ́ńbà tó máa ń yọ lójú gíláàsì iwájú, tó ń sọ iye kìlómítà tí bátìrì ṣì lè gbé ọkọ̀, kì í ṣe ìbúra.

"Bàbá, ẹrù ń jẹ ẹ́, òkè ń jẹ ẹ́, eré ń jẹ ẹ́."

Mùsílíù ní òun gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́kàn rẹ̀, ohun tí ẹ̀rọ bá ti kọ, ó kọ ọ́ náà nìyẹn. Iná mànàmáná kò dé Ìdí-Ẹ̀mì tí wọn ì bá fi ṣáàjì rẹ̀. Nọ́ńbà náà ní ó ku àádọ́ta ó lé díẹ̀, Abẹ́òkúta kò sì tó ogójì sí ibẹ̀. Ó ní Alhamudulilahi, ó wọ ọkọ̀.

Rodiat jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú oyún oṣù kẹjọ. Wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ kó má wá, ó ní ìyá òun ló kú, ẹnu ara òun lòun máa fi pe àwọn ẹbí ìyá òun wá sí fídàú. Ṣùkúrátù, ẹ̀gbọ́n Àlímátù, wà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ó ń bá wọn lọ sí Aké láti lọ dáná.

"Bàbá Rodiat," ni Ṣùkúrátù wí bí wọ́n ṣe ń fi abúlé sílẹ̀, "ọkọ̀ yín yìí kò dún rárá. Mo ṣì rò pé ẹ ò tíì ṣíná rẹ̀ ni."

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ẹ̀gbọ́n."

"Hẹ̀n. Ohun tí kì í dún, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ tó bá ń kú lọ?"

Rodiat bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ló ń rín lọ́wọ́ tó fi dákẹ́ lójijì, tó sì di abẹ́ ikùn mú.

"Bàbá, nǹkan kan ń ṣe mí."

Ṣùkúrátù na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó fi kan ìjókòó. Nígbà tó fa ọwọ́ padà, ọwọ́ náà pupa.

"Ẹ̀jẹ̀ ni," ó wí. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà gbọ́.

Mùsílíù tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀nà abúlé kún fún kòtò àti yanrìn, àpò ìrẹsì ń fò sókè, ó ń balẹ̀ gbì, Rodiat sì ń ké ní gbogbo ìgbà tó bá balẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa yọ sí títì ọlọ́dà, nọ́ńbà ojú gíláàsì ti já wálẹ̀ sí ọgbọ̀n. Mùsílíù tún un wò. Ibi tí wọ́n rìn kò tó ìdajì ohun tí ọkọ̀ ti jẹ.

Ilé ìtọ́jú aláboyún kékeré kan wà lẹ́bàá ọ̀dà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Lois, sáré jáde, kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n gbé Rodiat sọ̀kalẹ̀. Ó fún un lábẹ́rẹ́, ó so omi mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì gbé ike omi náà fún Ṣùkúrátù pé kó dì í mú sókè.

"Ibi ọmọ ló fẹ́ ṣíwájú ọmọ," ni Lois wí. "A ò ní dókítà níbí, a ò ní ẹ̀jẹ̀ tá a lè fà sí i lára. Ọkọ̀ wa gbé ẹlòmíràn lọ láti ọ̀sán, kò tíì dé. Ẹ gbé e lọ sí Abẹ́òkúta kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Ṣé yóò..." Mùsílíù kò lè parí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ máa lọ."

Ó tẹ nọ́ńbà Yasir bó ṣe ń wa ọkọ̀ lọ, ó gbé fóònù lé itan, ohùn ọmọkùnrin náà sì jáde láti Èkó tayọ̀tayọ̀: "Bàbá, ẹ kú ìrìn o! Ṣé ẹ ti ń bọ̀?"

Mùsílíù sọ ọ́ fún un ní kúkúrú. Ohùn Yasir ti kéré nígbà tó fèsì.

"Iye wo ló wà lójú ẹ̀, Bàbá?"

"Ọgbọ̀n. Ó ti fẹ́ẹ̀ má pé ọgbọ̀n mọ́."

"Ẹ pa éésì. Ẹ ti fèrèsé, afẹ́fẹ́ ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré."

"Ọmọ mi ń ṣẹ̀jẹ̀, o ní kí n má sáré?"

"Tí ẹ bá sáré, kò ní gbé yín dé! Ẹ jẹ́ kó máa yọ́ lọ. Tẹ́ ẹ bá dé ibi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá, ọkọ̀ á máa dá iná padà sínú bátìrì fúnra ẹ̀. Kí ló wà lẹ́yìn ọkọ̀?"

Mùsílíù gbójú wo dígí.

"Bàbá, kí lẹ kó sẹ́yìn?"

"Ìrẹsì fídàú."

"Áà! Bàbá, ẹ da..."

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbé e lọ. Mùsílíù mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ó ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Kò sí ìyà tó dà bí kí ẹ̀rù máa lé ọ kí o sì máa rọra rìn. Ẹsẹ̀ Mùsílíù ń bẹ ẹ́ kó tẹ ọkọ̀, òun náà sì ń dá a dúró bí ẹni tó di ajá mú lọ́rùn. Ooru mú wọn nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti pa dé bí ẹni tó wà nínú ìkòkò. Àwọn tírélà ń fọn fèrè lẹ́yìn wọn, wọ́n ń ya wọ́n kọjá, afẹ́fẹ́ wọn sì ń mi ọkọ̀ náà tìtì.

"Bàbá Rodiat," ni Ṣùkúrátù kígbe, "ṣé ìyàwó là ń sìn lọ ni? Ẹ tẹ̀ ẹ́!"

"Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, a ò ní dé."

"Irú ọkọ̀ wo wá nìyí, ọkọ̀ tí eré máa ń rẹ̀!"

Rodiat ṣì ń kérora nígbà náà. Wọ́n kan òkè gígùn kan kí wọ́n tó dé Odeda. Ọkọ̀ náà fi gbogbo agbára gun ún, nọ́ńbà sì ń já bọ́ bí èso tí wọ́n gbọn igi rẹ̀: mẹ́tàlélógún, ogún, méjìdínlógún. Nígbà tí wọ́n yọ sí orí òkè, Mùsílíù ṣàkíyèsí pé òun kò gbọ́ ohùn ọmọ òun mọ́.

"Rodiat."

Ojú rẹ̀ là. Ètè rẹ̀ ti funfun. "Òtútù ń mú mi, Bàbá," ó wí nínú ooru yẹn.

"Gbé ọkọ̀ dúró," ni Ṣùkúrátù wí.

"Ẹ̀gbọ́n..."

"Mo ní gbé e dúró, Mùsílíù!"

Láti ìgbà tó ti fẹ́ àbúrò rẹ̀, obìnrin náà kò pe orúkọ mọ́ ọn lórí rí. Mùsílíù gbé ọkọ̀ dúró. Ṣùkúrátù fi ike omi kọ́ sára fèrèsé, ó bọ́ sílẹ̀, ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì rọ̀ mọ́ àpò kan tí apá rẹ̀ kò ká. Mùsílíù dúró tì í. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbé.

"Ìrẹsì ìyàwó mi ni," ó wí.

"Àbúrò mi ni kó tó di ìyàwó rẹ! Ta ni ò ń ṣe sàárà fún? Ṣé òkú tó ti dé ibi tó ń lọ ni, àbí alààyè tó ń mú ọ̀nà ibẹ̀ pọ̀n yìí?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un débi tí ọ̀rọ̀ kankan kò gún un dé rí. Ó sáré sójú títì, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ọkọ̀ kan ń bọ̀. Ó rí àgbàlagbà tó ń juwọ́ lẹ́bàá igbó ní ìrọ̀lẹ́, ó sì bú sáré kọjá. Èkejì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mùsílíù kò lè bú wọn. Bí òun náà ì bá ti ṣe nìyẹn, nítorí àwọn ajínigbé. Nínú igbó lọ́hùn-ún, ó rí orí àwọn obìnrin mélòó kan tó ń ti oko bọ̀. Bí wọ́n ṣe rí ọkùnrin tó ń juwọ́ lójú ọ̀nà tó dá, wọ́n ti ju igbá sílẹ̀, wọ́n ba mọ́ ìdí igi.

Kò sí ẹni tí yóò gbà wọ́n. Òun nìkan àti nọ́ńbà méjìdínlógún yẹn ni.

Ó di àpò àkọ́kọ́ mú, ó fà á bọ́ sílẹ̀. Ó fa èkejì. Ìbàdí rẹ̀ dún. Àpò náà pọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń yọ̀ fún òógùn. Ní gbogbo ìgbà tó bá fà kan, ó ń wo inú ọkọ̀ bóyá orí Rodiat ṣì wà lókè. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń pariwo:

"Sàárà ni o! Sàárà ni! Ẹ wá gbé e! Sàárà Àlímátù ọmọ Ìdí-Ẹ̀mì!"

Obìnrin kan gbé orí sókè nínú igbó.

"Àlímátù wo? Àlímátù onírẹsì tó wà ní Aké?"

"Òun ni! Ọmọ rẹ̀ ló ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú ọkọ̀ yìí. Ọkọ̀ kò lè gbé wa dé pẹ̀lú ẹrù. Ẹ gbà wá!"

Wọ́n tú jáde. Àwọn obìnrin tó ti ń gbé igi ìdáná láti kékeré kò fi àpò ṣe nǹkan kan. Méjì á gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á jù ú sínú koríko.

"Alhaji, ẹ ì bá ti tètè sọ," ni èyí tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ wí bó ṣe ń mí hẹlẹ. "A kì í sá fún ìrẹsì ní tiwa." Ó wá yọjú wo Rodiat, àwàdà sì kúrò lójú rẹ̀. "Ẹ máa lọ, ẹ máa lọ! Ọlọ́run á tẹ́ ìyá ẹ̀ sí afẹ́fẹ́ rere."

Ọkọ̀ náà fúyẹ́ lábẹ́ rẹ̀ bí ẹṣin tí wọ́n já gàárì kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Láti orí òkè yẹn, ọ̀nà ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Mùsílíù gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá bí Yasir ṣe wí. Ó ń yọ́ lọ, ó ń yọ́ lọ. Ó wo nọ́ńbà, ó rò pé ojú òun ló ń ṣe òun. Méjìdínlógún di ogún. Ó di méjìlélógún. Ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka Fátíhà, kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ bá a sọ̀rọ̀," ó wí fún Ṣùkúrátù. "Ẹ má jẹ́ kó sùn."

"Rodiat! Ṣé o gbọ́ mi? Kí ni ìyá rẹ máa ń sọ nípa ìrẹsì tí kò bá jinná?"

"Ó ní... ó ní ó dà bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́."

"Kí ló dé?"

"Ó le lójú... kò sí nǹkan nínú."

"Ìwọ obìnrin, tún un sọ."

Wọ́n kọjá Odeda. Wọ́n kọjá Òsíẹ̀lẹ̀. Ní Ọbáńtokò, wọ́n ń pe ìrun mọ̀gáríbì, nọ́ńbà sì ti ku mẹ́rin. Rodiat kò dáhùn ìbéèrè Ṣùkúrátù mọ́, ó kàn ń mi orí. Nígbà tí wọ́n dé Aṣèrò, ojú gíláàsì náà pọ́n, ó kọ òdo. Ọkọ̀ náà rìn síwájú díẹ̀ bí ẹni tí ojú ń tì láti dúró, ó sì dúró ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ń fojú rí géètì rẹ̀.

Mùsílíù jókòó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára ọwọ́ ọkọ̀. Ṣùkúrátù ló ṣí ilẹ̀kùn, tó figbe ta sí àwọn ọlọ́kadà tó wà lẹ́bàá ọ̀nà.

"Bàbá, ṣé epo ló tán?" ni ọ̀kan bi í.

"Kì í mu epo."

"Kí ló wá tán nínú ẹ̀?"

"Ẹ ṣáà tì í!"

Wọ́n tì í. Ọkọ̀ náà, tí ẹnikẹ́ni kì bá tì rìn pẹ̀lú ẹrù tó gbé kúrò ní Ìdí-Ẹ̀mì, gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn bí kẹ̀kẹ́ ọmọdé, ó sì wọ géètì.

Wọ́n gbé Rodiat wọlé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà títí Yasir fi dé láti Èkó pẹ̀lú bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì tí kò báramu, Mùsílíù dúró lórí ìdúró. Wọ́n fún un ní àga, kò jókòó. Ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá jókòó, wọ́n á wá sọ nǹkan tí òun kò ní lè dìde lẹ́yìn rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó wá ṣí ilẹ̀kùn wo ojú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Ọmọbìnrin ni. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó ń ké. A ti fa ẹ̀jẹ̀ sí ìyá rẹ̀ lára. Ká ní ẹ pẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ."

Yasir dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì. Mùsílíù fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó sì fi etí agbádá bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń mì. Kò sí ẹni tó sọ pé kó má sunkún.

Ó pẹ́ kí Ṣùkúrátù tó wá jókòó tì í. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ìró rẹ̀. Ó ti padà sí bó ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Bàbá Rodiat, ẹ má bínú. Mo pe orúkọ yín."

"Ẹ ṣeun tí ẹ pè é, ẹ̀gbọ́n."

Ṣùkúrátù tún ìró rẹ̀ dì. "Fídàú wá ńkọ́? Kí ni àwọn èèyàn máa jẹ?"

Mùsílíù nu ojú rẹ̀. Ó rántí àwọn obìnrin orí òkè yẹn, bí wọ́n ṣe ń gbé àpò sínú koríko, àti iná tí wọn yóò ti dá ní ilé kọ̀ọ̀kan ní alẹ́ yìí.

"Wọ́n ti ń sè é lọ́hùn-ún," ó wí.