Ohun Tó Hù Kì í Fẹ́ Omi Híhó

Ẹ̀ẹ̀mejì ni aṣọ ti jáde nínú táńkì omi gbígbóná tó ṣì le bíi páálí. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Raheemat wolẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù.

Ní ilé iṣẹ́ aṣọ tó ti ń kọ́ṣẹ́ ní Kàdúná, wọ́n máa ń fi sítáàṣì pa òwú kó má baà já lórí ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá hun ún tán, sítáàṣì náà gbọ́dọ̀ kúrò kí aṣọ tó lè gba aró. Ìyẹ̀fun òkè òkun kan tó ní ẹ́ńsáìmù tí í jẹ sítáàṣì ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1994 ni kò ti dé mọ́. Raheemat, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ló ṣèèṣì sọ níwájú gbogbo wọn pé irú ẹ́ńsáìmù bẹ́ẹ̀ wà nínú ọkà bàbà. Kóró tó bá fẹ́ hù ní láti sọ sítáàṣì inú ara rẹ̀ di ṣúgà, kó fi bọ́ ara rẹ̀. Ó rẹ ọkà, ó jẹ́ kó hù, ó sá a, ó gún un, ó pò ó mọ́ omi, ó sì sẹ́ ẹ títí omi rẹ̀ fi mọ́, kí wọ́n tó dà á sínú táńkì.

"Mai kunu!" ni Silas, ọ̀gá rẹ̀ ní yàrá àyẹ̀wò, ń pè é, bí àwọn Haúsá ṣe ń pe oníkúnnú. "Kúnnú lo fẹ́ fi fọ aṣọ fún wa? Bí aṣọ ò bá rọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, máa lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ẹ."

Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà náà, Alhaja Nímọ́tà, ló gbà lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ní àdúgbò Television. Alhaja ń se ẹ̀kọ ọkà bàbà fún ọmọ aládùúgbò kan tí kò lè gbé oúnjẹ mì. Ẹ̀kọ náà ki pọ́pọ́. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ń ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

"Màmá, kí lẹ ń dúró dè? Ẹ ò ṣe da ìyẹ̀fun ọkà tó hù sí i nígbà tó ń hó?"

"Háà, Raheemat! Ohun tó lẹ́mìí lo fẹ́ bọ̀, o sì tún fẹ́ kó bá ọ ṣiṣẹ́?"

Nígbà tí ìka rẹ̀ gba ooru náà díẹ̀, ó fọ́n ìyẹ̀fun sí i, ó rò ó. Kò pẹ́, ẹ̀kọ tó ń takú tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn.

Raheemat jókòó, ó ń wò ó. Omi híhó ni Silas pàṣẹ, nítorí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára garawa ìyẹ̀fun òkè òkun nìyẹn. Ẹ́ńsáìmù tọ̀hún lè gba iná. Ta ló sọ pé ti ọkà bàbà lè gbà á?

Lọ́jọ́ kejì, ó bu sítáàṣì sínú ife márùn-ún, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ooru tirẹ̀, ó bu omi ọkà sí wọn, ó sì ń kán áyódíìnì sí wọn. Níbi tí sítáàṣì bá ṣẹ́ kù sí, ó máa ń dúdú bí ẹ̀lú. Ife tó gbóná jù dúdú títí ó fi sú u. Ife tí ooru rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n ọgọ́ta ló kọ́kọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọgọ́ta ló gbé táńkì sí. Wákàtí kan kọjá. Silas ń rìn síwá sẹ́yìn.

"Ìyẹ̀fun òyìnbó ìbá ti ṣe tán! Ẹ ṣí ooru sí i, kó yá!" Ó na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ páìpù.

Ọwọ́ Raheemat ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

"Rárá, sà. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ máa pa á."

"Pa kí ni?"

"Ohun tó ń bá wa ṣiṣẹ́."

Silas wo ọwọ́ náà, ó wo ojú rẹ̀. "Kai! Mai kunu ti lẹ́nu." Ó fa bẹ́ǹṣì, ó jókòó.

Ìpè ìrun ti dún kí wọ́n tó fa aṣọ jáde. Silas fúnra rẹ̀ ló kán áyódíìnì sí i. Wọ́n wò ó, wọ́n wò ó: ó pọ́n bíi tíì, kò dúdú. Ó fún aṣọ náà nínú àtẹ́lẹwọ́, ó rọ̀.

"Àpò ọkà mélòó la máa nílò lóṣù?"

Ìgbà tí Raheemat fẹ́ dá a lóhùn ló tó mọ̀ pé ọwọ́ òun ṣì wà lórí kọ́kọ́rọ́ páìpù.