Àwọn Ọba Tí A Fi Omi Fọ̀

Nígbà tí Abdulbaqi wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi, bàbá mi bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Ó ní ìtàn ni òun ń ṣèwádìí. Bàbá mi ní ìtàn ta ni? Ó ní ìtàn àwọn Máyà, àwọn kan tí wọ́n jọba nínú igbó ilẹ̀ Guatemala ní ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ sẹ́yìn. Bàbá mi, tó ti ń ta aṣọ ní ọjà New Bell ní Douala láti ìgbà tó ti Ìwó dé, wò ó títí, ó ní, "Ṣé ìbátan yín ni wọ́n ni?" Àwa tá a wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn rẹ́rìn-ín débi pé ìyá mi fẹ́ẹ̀ lù wá.

Èmi náà máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ẹ, torí pé bó bá ń sọ̀rọ̀ àwọn òkú yẹn, ojú rẹ̀ máa ń tàn. Douala ni wọ́n bí i sí bíi tèmi. Ẹ̀kọ́ gbé e dé Paris, Paris gbé e dé Mẹ́síkò, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú igbó, tó ń da àwòrán àti ìkọ̀wé ara òkúta kọ sórí bébà. Lẹ́yìn tó kúrò níbẹ̀, àwọn olè fi ayùn gé púpọ̀ nínú àwọn òkúta náà, wọ́n kó wọn lọ tà. Ibì kan ṣoṣo tí àwọn ọba kan kù sí láyé ni inú àpótí pákó tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa ní àdúgbò Madagascar.

Nígbà tó padà sílé, la crise, ìyẹn ọ̀dá owó tó bo ìlú, ti dé ṣáájú rẹ̀. Yunifásítì ní kó máa retí iṣẹ́, ó sì ń retí. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Kotto, ó sì ń kọ ìwé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó di ọdún 1991, villes mortes, ìdaṣẹ́sílẹ̀ tó sọ ìlú di òkú, ti ilé ẹ̀kọ́ yẹn náà pa.

Ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò lè mọ ẹ̀rù ọdún náà. Àwọn alátakò ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí ṣọ́ọ̀bù, kí takisí má rìn, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Àwọn ṣọ́jà bá gba ìgboro. Wọ́n ń wọlé onílé, wọ́n ń dojú bẹ́ẹ̀dì dé, wọ́n ń wá tract, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń pe àwọn èèyàn jáde. Ògúndáre, télọ̀ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí wọ́n fi Yorùbá kọ ni wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò lè kà á, ni wọ́n bá ní tract ni. Wọ́n mú un lọ, ìyàwó rẹ̀ ń wá a kiri. Láti ọjọ́ náà, bí ìgbálẹ̀ mi bá ti kan àpótí yẹn, mo máa ń tì í wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí i. Agbárí òkú, ẹkùn, àwọn àmì tí kò sẹ́ni tó lè kà: ta ló máa dúró gbọ́ àlàyé?

Mo sọ fún un pé, "Bàbá Nùsíràt, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn òkú yín kúrò nílé yìí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Sakinah, ta ló fẹ́ bá Máyà jà ní Douala?"

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ndokoti láti lọ wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ara rẹ̀ kò yá. Kò tíì pẹ́ tó jáde tí Brigitte, aládùúgbò wa, fi pariwo láti orí ògiri: "Mama Nusirat! Les militaires! Dem dey enter house by house!"

Àwọn ṣọ́jà ti ń wọlé láti ilé dé ilé. Mo fa àpótí náà jáde sí àgbàlá, mo ṣáná. Ìyá ọkọ mi, Ìyá Kàbírátù, gbá ọwọ́ mi mú.

"Ṣé o fẹ́ dáná sun ìkọ̀wé ni?"

"Ìyá, ìkọ̀wé kèfèrí ni!"

"O ti kà á? O mọ̀ bóyá orúkọ Ọlọ́run wà nínú ẹ̀? Èéfín ẹ̀ á sì pè wọ́n wá bá wa. Bu omi wá."

Alùfáà tó ní ilé kéwú ni ọkọ Ìyá kó tó kú. Nílé wọn, omi mímọ́ ni wọ́n fi ń fọ ìkọ̀wé kúrò, bí àwọn ọmọ kéwú ṣe ń fọ wàláà wọn, wọn a sì mu omi náà tàbí kí wọ́n dà á síbi tí ẹsẹ̀ kò tẹ̀. Ìyá mọ̀ pé á ṣí kúrò, torí pé òun fúnra rẹ̀ ló ń se tàdáwà, yíǹkì àwọn oníkéwú, tí ọmọ rẹ̀ fi kọ ọ́ látìgbà tí yíǹkì òyìnbó ti wọ́n. Èyí tó fi pẹ́ńsù kọ nínú igbó, òjò ti bà á jẹ́ ní ọdún tó ṣáájú.

À ń tẹ bébà bọ báàfù, à ń yọ ọ́. Ọba kan fi ẹsẹ̀ tẹ ẹlẹ́wọ̀n mọ́lẹ̀, ó wọnú omi, ó jáde ní funfun. A sá wọn sórí okùn aṣọ. Mo ń sunkún, àmọ́ mo ń yára. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà fi bàtà ta ìlẹ̀kùn ṣí, kò ku ẹyọ kan nínú àpótí.

Abdulbaqi ló kọ́kọ́ wọlé. Ṣọ́jà méjì dì í mú, ẹ̀wù rẹ̀ ti ya. Wọ́n ti mú un ní Ndokoti, wọ́n bá bébà kan tó kọ àmì sí lápò rẹ̀, wọ́n ní àṣírí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ni. Ó ti búra fún ọ̀gá wọn pé òpìtàn ni òun, pé àpótí kan wà nílé tó máa jẹ́rìí òun. Ọ̀gá náà ní bí òun bá fojú rí i, òun á tú u sílẹ̀.

"Sakinah," ó ní, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, "gbé àpótí mi wá."

Ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀ yẹn ló pa mí. Mo nawọ́ sí àpótí náà. Ó wo àpótí tó ṣófo, ó wo okùn aṣọ.

"Où sont les papiers, professeur?" ni ọ̀gá ṣọ́jà bi í, pé ibo ni ìwé náà wà.

Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Garoua ní àríwá níbi tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, bẹ̀rẹ̀ síbi báàfù, ó ti ìka bọ omi dúdú náà, ó ní wọ́n ti fọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ nílé tàwọn náà. "Chef, ils ont lavé ça. Chez nous aussi, on lave comme ça."

Ọ̀gá náà yíjú sí wa. Bó bá jẹ́ ìtàn ni, ó ní, kí ló dé tí ẹ fi fọ̀ ọ́? Ìyá kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tutù, ó ń fọwọ́ lu àyà pé òun ló fọ̀ ọ́: "C'est moi, mon fils! C'est moi!" Wọ́n mú Abdulbaqi lọ, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Ìgbà òjò ń parí lọ nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀. Kò sí àlàyé, gẹ́gẹ́ bí kò ṣe sí nígbà tí wọ́n mú un. Ó ti gbẹ, ó ń wúkọ́, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ìyá ti sẹ́ omi náà sínú ìgò, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ó gbé e fún un. "Mu ún, ọmọ mi. Iṣẹ́ rẹ ni." Ó mu ún tán nítorí Ìyá, mo rí i pé nítorí Ìyá ni.

Lẹ́yìn náà ló béèrè bébà. Ó ń rántí, ó ń yà á. Ó wá dúró lórí ọba tó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹlẹ́wọ̀n mọ́lẹ̀. Ó ní òkúta méjì mìíràn ló dúró tì í, àwòrán ìyàwó rẹ̀ wà lára ti ọ̀tún, àwòrán ọ̀tá rẹ̀ wà lára ti òsì, ẹni tó bá sì kọjú sí ni gbogbo ìtàn ìjọba rẹ̀ dúró lé. Ó gbójú sókè. "Ẹ̀yin lẹ rí i kẹ́yìn. Ibo ló kọjú sí?"

Mi ò mọ̀. Ẹsẹ̀ ọba náà nìkan ni mo rí.

"Ọ̀tún," ni Ìyá wí, kíákíá.

Mo wo ojú Ìyá, mo mọ̀ pé kò rí nǹkan kan. Ẹ̀rù ló bà á pé ọmọ rẹ̀ fẹ́ sunkún. Abdulbaqi mí kanlẹ̀, ó sì ya ọba náà, ó kọjú sí ọ̀tún.

Ìwé rẹ̀ jáde ní Paris. Yunifásítì wá pè é nígbẹ̀yìn, wọ́n sì ń pe ọba yẹn ní ọba tó fẹ́ràn aya rẹ̀. Bí lẹ́tà bá ti Mẹ́síkò dé, níbi tí ẹnì kan ti lè bá òkúta tí wọ́n jí náà pàdé, bí Abdulbaqi bá ń já a, èmi àti Ìyá kì í lè wo ojú ara wa, títí á fi rẹ́rìn-ín músẹ́ tí á ní wọ́n kàn kí òun ni.