Ẹ̀wà Tí Mo Gbìn Sínú Ìwé

Inú ilé ìyàgbẹ́ ni mo ti kọ irọ́ àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ara tù mí. Mo jókòó, ìwé wà lórí itan mi tó fẹ̀ bíi tábìlì, báírò wà lọ́wọ́ mi, ọkọ mi sì ń pè mí láti inú yàrá.

"Aláriwo, ẹ̀wà ńkọ́?"

"Mò ń bọ̀, ọwọ́ mi dí."

Ọwọ́ mi dí lóòótọ́. Mò ń gbin ẹ̀wà sínú ìwé.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ọkọ mi. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi ń kan àga àti tábìlì fún àwọn ilé ìwé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í léèrè pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, ọgbà rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Lẹ́yìn ilé iṣẹ́ omi, ìjọba ìbílẹ̀ gé ilẹ̀ kan sí abala-abala, wọ́n ń pín in fún àwa tí a ń gbé inú yàrá lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí a kò ní ilẹ̀ tó tó gbin ata. Abala kọ̀ọ̀kan kò ju ìwọ̀n yàrá mẹ́rin lọ. Òfin ibẹ̀ kò sì le: máa ro ó, má jẹ́ kó digbó. Abala tí ọkọ́ kò bá kàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Akọ̀wé Ọgbà á ri igi pupa kan mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, á sì kọ lẹ́tà sí olóko. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá tún kọjá lórí ìyẹn, ilẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn, nítorí àwọn tó ń dúró de ilẹ̀ níbẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó ní in lọ.

Lórí abala wa ni ọkọ mi ti ń gbin ẹ̀wà kan tó ń gun igi. Ìyá rẹ̀ ló dì í sí etí aṣọ fún un lọ́jọ́ tó kúrò nílé wọn, ẹyọ mẹ́tàdínlógún péré. Ẹ̀wà náà funfun, ó ní àmì pupa kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan fi àtàǹpàkò tó lẹ́rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Lọ́dọọdún, àwọn tó bá kọ́kọ́ so, a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Á jẹ́ kí wọ́n gbẹ lórí igi, á jókòó ṣà wọ́n lẹ́yọ lẹ́yọ, á pa èyí tó dára jù mọ́ sínú agolo fún ọdún tó ń bọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù la máa ń jẹ. Ọdún méjìdínlógójì ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, kò fo ọdún kan.

Ó tún ní ìwé kan. Kò sí ọjọ́ tí kì í kọ nǹkan sínú rẹ̀ bó bá ti oko dé: òjò tó rọ̀, ewé tó yọ, kòkòrò tó jẹ ẹ́. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Olóko mi, ẹ kò kọ lẹ́tà ìfẹ́ kan sí mi rí. Ẹ̀wà lẹ wá ń kọ ọ́ sí lójoojúmọ́."

"Ẹ̀wà kì í dá mi lóhùn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀."

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ilẹ̀ tutù dáadáa, inú rẹ̀ dùn, ó kọ ebè méjì kún ti tẹ́lẹ̀. Gbogbo irúgbìn tó wà nínú agolo ló gbìn, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù sílé. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, àrùn rọpárọsẹ̀ gbé e ṣánlẹ̀ níbi tó ti ń wọ bàtà. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni kò sọ̀rọ̀. Mo jókòó tì í, mò ń retí pé orúkọ mi ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹnu wá là, ohun tó sọ ni, "Ẹ̀wà."

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹkún fi dá a dúró.

"Máa lọ sóko," ó wí. Ọ̀rọ̀ ń wá díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fa omi nínú kànga tó jìn. "Máa kọ ọ́. Máa kà á fún mi."

Mo ní mo ti gbọ́. Ta ni yóò ní òun kò gbọ́?

Iṣẹ́ tèmi, ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni. Mo ti pé ọ̀kànlélọ́gọ́ta, mo ti ní ọmọ-ọmọ mẹ́rin, síbẹ̀ mo ṣì ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ tó ga jù mí lọ. Aṣọ ibùsùn, aṣọ dókítà, táwẹ́ẹ̀lì, gbogbo ohun tí ara ènìyàn lè tú jáde ni mo ti fọ̀. Ooru ibẹ̀ á bọ ènìyàn bí ìgbà tí wọ́n bá ń bọ iṣu. Lówùúrọ̀, mà á jí ní aago márùn-ún, mà á wẹ ọkọ mi, mà á pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, mà á fún un lóúnjẹ, mà á fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún Ìyá Ìsàlẹ̀, obìnrin tó ń gbé lábẹ́ wa, kó máa bá mi yọjú sí i. Mà á wọ bọ́ọ̀sì. Ní aago mẹ́ta mà á jáde, mà á gba ọgbà lọ, mà á ro díẹ̀, mà á bomi rin díẹ̀, mà á délé, mà á kọ ìwé. Ìwé kíkọ náà ló le jù. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi dà bíi kí adìyẹ tú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ẹ̀wà sì hù, mo fi ojú mi rí i.

Ìgbà náà ni ẹnìkejì mi ní ìdí ẹ̀rọ fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọ̀gá wa wá bá mi, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́.

"Màmá, ẹ bá wa mú ẹ̀rọ méjèèjì. Títí di aago mẹ́fà. Fún ìgbà díẹ̀ ni."

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n ń ti géètì ọgbà. Bọ́ọ̀sì méjì ló sì wà láàárín wọn. Ọjọ́ Àìkú kan ṣoṣo tí mo ní, aṣọ ilé àti oorun ló ń gbà á.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí n kò lọ, mo ti pinnu pé mà á sọ òtítọ́. Mo wọlé, ó yí orí sí mi, ó ti ń dúró láti àárọ̀. Mo sá wọ ilé ìyàgbẹ́, mo mú ìwé dání kó má baà rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti kọ ọ́ pé ẹ̀wà ti yọ ewé mẹ́ta sí i. Mo jáde, mo kà á. Apá ẹnu rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìlàjì yẹn ló sọ mí di òpùrọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo mọ irọ́ pa. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo jẹ́ kí ẹ̀wà gun igi, mo jẹ́ kó yọ òdòdó, mo mú labalábá wá. Mo fi aláǹgbá kan síbẹ̀ tó máa ń jókòó lórí garawa, tó ń mi orí sí mi bí ọ̀gá iléeṣẹ́. Ọkọ mi á ní, "Aláǹgbá ńkọ́ lónìí?" Mà á ní ó wà níbẹ̀, ó ń bá mi wí pé n kò ro ebè dáadáa. Á rẹ́rìn-ín. Oúnjẹ tí kì í jẹ tẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Ohun tó burú jù ni pé èmi fúnra mi gba ara mi gbọ́. Afẹ́fẹ́ ńlá kan fẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ju aṣọ ibùsùn sílẹ̀, mo ní igi ẹ̀wà mi á wó. Ọmọbìnrin tí a jọ ń ká aṣọ wò mí.

"Màmá, ìgbà wo lẹ dé oko yẹn kẹ́yìn?"

Mo fi ìka kà á. Ìka ọwọ́ kan kò tó láti ka ọ̀sẹ̀ náà.

Ìyá Ìsàlẹ̀ fún mi ní lẹ́tà kan pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní ó ti wà lọ́wọ́ òun fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo tì í bọ àpò épúrọ́ọ̀nù iṣẹ́ mi, mo ní mà á kà á nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nínú bọ́ọ̀sì mo sùn. Níbi iṣẹ́ mo bọ́ épúrọ́ọ̀nù náà, mo sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ pẹ̀lú aṣọ àwọn aláìsàn. Èmi tí mò ń yẹ àpò gbogbo dókítà wò, tí mo ti yọ ṣíbí, ìgò oògùn àti eyín àtọwọ́dá jáde rí, n kò yẹ tèmi wò. Ohun tó kù nínú àpò náà dà bíi ẹ̀kọ tútù. Mo mọ̀ pé ọgbà ni lẹ́tà náà ti wá. Mo ní lọ́jọ́ Àìkú mà á lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú wọ́n pè mí sí iṣẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú kejì náà, bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ Àìkú kẹta ni mo tó lọ.

Obìnrin kékeré kan ló wà lórí abala wa, ó ń fi okùn wọn ilẹ̀. Ilẹ̀ náà mọ́ tónítóní, kò sí igi kan, kò sí ewé kan. Ó kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó rò pé aládùúgbò òun ni mí. N kò lè bínú sí i. Mo wá Akọ̀wé Ọgbà lọ síbi àgọ́ rẹ̀.

"Màmá, mo kọ lẹ́tà," ó wí. Kò lè wo ojú mi. "Mo tún fi ọ̀sẹ̀ kan lé e nítorí Bàbá. Ẹ kò yọjú."

"Ẹ̀wà ńkọ́?"

"Ẹ̀wà wo?"

"Ẹ̀wà ọkọ mi. Ó wà lórí ebè."

"Koríko ti bò ó mọ́lẹ̀, Màmá. A ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni. A ti sun ún."

Ó mú mi dé ibi eérú. Mo kúnlẹ̀, èmi arúgbó onídìí ńlá, mo fi ọwọ́ tú u títí èékánná mi fi dúdú. N kò rí ẹyọ kan. Nígbà tí mo fẹ́ dìde, Akọ̀wé àti obìnrin kékeré yẹn ló fà mí sókè bí àpò ìyẹ̀fun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀wà ti ń gbẹ lórí igi, ó ti tó kó. Mo kà á fún un. Mo gbàgbé pé ẹ̀wà tó bá ti tó kó, ẹnì kan ní láti kó o wá sílé.

"Kó o wá," ó wí. "Ọwọ́ òsì mi á ṣà á."

Ọjà mẹ́rin ni mo dé. Níkẹyìn mo rí ẹ̀wà funfun kan tó ní àmì pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Bí mo bá dijú díẹ̀, ó jọ ọ́. Mo dà á sórí àtẹ, mo gbé àtẹ lé itan rẹ̀. Kò wò ó. Ó pa ojú dé, ó ń fi ìka òsì tú u kiri. Ó mú ẹyọ kan, ó yí i, ó yí i, ó sì gbé e sílẹ̀. Ó mú òmíràn.

"Aláriwo."

"Olóko mi."

"Tiwa rí pẹlẹbẹ lápá kan. Eléyìí rí roboto."

"Bóyá ó sanra bí ìyàwó yín ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó la ojú. "Tiwa dà?"

Mo jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ méjì, aago mẹ́fà, lẹ́tà, eérú. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, ó fi ọwọ́ òsì ti àtẹ sí mi.

"Látìgbà wo?"

"Láti ewé mẹ́ta."

Mo rí i pé ó ń ka gbogbo rẹ̀ padà sẹ́yìn: òdòdó, labalábá, òjò tí n kò rí.

"Aláǹgbá yẹn ńkọ́?"

"Kò sí aláǹgbá kankan."

Ó mí kanlẹ̀. "Mo fẹ́ràn aláǹgbá yẹn."

Odindi ọjọ́ mẹ́rin ni kò pè mí ní Aláriwo. Kò pè mí ní nǹkan kan. Mo wẹ̀ ẹ́, ó jẹ́ kí n wẹ òun. Mo bọ́ ọ, ó jẹun. Ojú rẹ̀ wà lára ògiri. Èmi náà dákẹ́. Ìyá Ìsàlẹ̀ gòkè wá wò bóyá mo ti kú, nítorí ó ní òun kò gbọ́ ohùn mi láti ìsàlẹ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún ó na ìka sí àtẹ tó ti wà lójú fèrèsé látọjọ́ náà.

"Sè é."

"Kí n sè é?"

"Oúnjẹ ni. Kì í ṣe irúgbìn."

Mo sè é. Mo fi ṣíbí bọ́ ọ, ó jẹ ṣíbí mẹ́ta, ó ní iyọ̀ kò tó. Mo jẹ èyí tó kù nídìí àdògán, mo dúró, mò ń jẹ, mò ń sunkún sínú ìkòkò, nítorí náà iyọ̀ tó nínú tèmi.

Nígbà tí mo padà wọlé, ó ní, "Kọ ọ́."

"Kí n kọ kí ni? Oko ti lọ."

"Kọ ibi tí o wà."

"Ibi iṣẹ́ nìkan ni mo máa ń wà."

"Kọ ọ́."

Mo mú ìwé, mo jókòó lórí àga, kì í ṣe nílé ìyàgbẹ́, mo kọ díẹ̀. Ó pẹ́ mi, nítorí irọ́ ti mú ọwọ́ mi yá, òtítọ́ kò yá lọ́wọ́ mi rárá. Mo kà á fún un:

"Lónìí mo ká ọgọ́fà aṣọ ibùsùn. Ẹ̀rọ kejì ń jò, ẹsẹ̀ mi wú, mo bọ́ bàtà nínú bọ́ọ̀sì, n kò sì lè wọ̀ ọ́ mọ́. Mo ronú oko lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Èmi ronú oko ju bẹ́ẹ̀ lọ," ó wí.

Ó yí ojú sí ògiri. Mo pa ìwé dé, mo lọ fọ ìkòkò.