Àpò Yanrìn Ṣàkírù

Ìdí ọkọ̀ náà fò sápá òsì nínú ẹrẹ̀. Fuad yí sítíárín sápá ọ̀tún, ìdí ọkọ̀ túbọ̀ lọ sósì, àfi bí ẹni pé ó ń bá a ṣeré. Ó tẹ bíréèkì. Ìyẹn gan-an ló burú jù: píkọ́ọ̀pù yọ̀ sẹ́yìn lọ sísàlẹ̀ òkè, táyà ẹ̀yìn kan sì há sétí kòtò.

Òkú Ṣàkírù, bàbá rẹ̀, wà lẹ́yìn ọkọ̀. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti fi aṣọ funfun dì í, wọ́n sì ta tàpólì bò ó nítorí òjò. Láti Jáparà, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ni wọ́n ti gbé e. Abúlé wọn ní Ògùn Waterside ni wọ́n gbẹ́lẹ̀ dè é sí, ó sì gbọ́dọ̀ wọ káà ilẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Aago mẹ́rin ti kọjá.

Àwọn ọkùnrin mẹ́fà tí wọ́n fi ọ̀kadà sìn wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Fuad. Ọ̀kan ní kó fún un níná. Ọ̀kan ní kó má fún un níná rárá. Ẹnì kẹta ní kí wọ́n gbé òkú sọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Gbogbo rẹ̀ dàrú mọ́ Fuad lójú. Akọ̀wé báńkì ni, títì ọlọ́dà nìkan ló ti wakọ̀ rí. Ojú ń tì í, inú sì ń bí i sí bàbá tó lọ kú láàárín òjò.

Bàbá Zubair, ẹ̀gbọ́n olóògbé, sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú ọkọ̀. Ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀ títí.

"Fuad, àwọn àpò yanrìn bàbá rẹ dà?"

"Mo kó wọn sílẹ̀ láàárọ̀, Bàbá. Mi ò fẹ́ ká tẹ́ òkú bàbá mi sáàárín àpò."

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún, àpò yanrìn mẹ́fà kì í kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ Ṣàkírù. Ahun ni Fuad pè é, ó rò pé yanrìn tó ṣẹ́ kù níbi ilé kíkọ́ ni bàbá òun kò lè dà nù. Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló mà wà.

"Ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí fúyẹ́ jù," ni Bàbá Zubair wí. "Bí kò bá rẹ́rù, táyà rẹ̀ ò ní dilẹ̀ mú. Gbogbo yín, ẹ gun ẹ̀yìn ọkọ̀."

Ọkọ̀ tó há, ṣé a tún ń di ẹrù lé e ni? Kò yé Fuad, ṣùgbọ́n ta ni yóò bi? Wọ́n ṣẹ́ ewé sábẹ́ táyà. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gun ẹ̀yìn, wọ́n jókòó yí òkú ká, méjì dì í mú kó má baà yí.

"Jíà kìíní," ni Bàbá Zubair wí. "Má pààrọ̀ ẹ̀. Má tẹ bíréèkì. Díẹ̀díẹ̀."

Ọkọ̀ gbọ̀n. Táyà wá ilẹ̀, ó rí i. Títí wọ́n fi gun òkè náà tán, Fuad kò mọ ohun tóun ṣe tó yàtọ̀.

Oòrùn ku díẹ̀ kó wọ̀ nígbà tí wọ́n dé abúlé, tí wọ́n sì kírun sí òkú lára. Bàbá Zubair ní kí Fuad wọ inú sàréè, kó gba ẹsẹ̀ òkú. Ó nawọ́, ó gbà á mọ́ra, ó sì mọ gìgísẹ̀ méjèèjì lára láti inú aṣọ tó tutù.

Ọdún mọ́kànlá ló fi jókòó, fóònù lọ́wọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọ̀nyí bí bàbá rẹ̀ ti ń fi wọ́n wakọ̀ lójú ọ̀nà kan náà. Kò wò wọ́n rí.