Olúkúlùkù Rò Pé Ọ̀dọ̀ Ẹlòmíràn Ló Wà

Wietske ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín àwọn òṣìṣẹ́ sí ọ̀nà méjì. Ilé iṣẹ́ wọn ní ìlú Leeuwarden ló ń kan pákó, tó sì ń kùn ún lọ́dà, fún àwọn tó ń ṣeré orí ìtàgé: ilé, ààfin, igbó, ohunkóhun tí eré bá fẹ́. Bí iṣẹ́ bá dé, a rọ́ dé bí òjò. Bí kò bá sí, àwọn èèyàn a máa gbá ilẹ̀ tó ti mọ́. Bauke, ọ̀gá àgbà, ní owó oṣù fẹ́ pa ilé iṣẹ́ náà kú. Ó ní kí Wietske, tó jẹ́ olórí òṣìṣẹ́, ṣa àwọn díẹ̀ tí yóò dúró, kí àwọn yòókù máa dá iṣẹ́ ara wọn ṣe, kí a sì máa pè wọ́n nígbà tí a bá nílò wọn.

Nínú àwọn tí yóò lọ, orúkọ tó kọ́kọ́ bọ́ síta ni ti Gerlof. Kì í ṣe pé ó kórìíra rẹ̀. Gerlof ló kọ́ ọ bí a ti ń kun pákó tí yóò fi jọ òkúta. Wietske rò ó pé ọwọ́ Gerlof dá ṣáṣá, kò síbi tí wọn kò ti ní fẹ́ ẹ. Àwọn tí kò mọṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ilé iṣẹ́ dì mú. Ó lọ bá a nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Gerlof bu kọfí fún un, ó gbọ́ ọ títí ó fi sọ̀rọ̀ tán.

"Ṣé ó dá ìwọ fúnra rẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, ẹ̀gbọ́n."

"Ó parí nìyẹn. Ojú tìrẹ ni mo fi wò ó."

Ó kọ́kọ́ dára. Wọ́n ń pè é síṣẹ́ láti ìlú Antwerp, wọ́n ń pè é láti ìlú Hamburg. Nígbà tó bá wá sí Leeuwarden, a máa fi Wietske ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ti di ọ̀gá ara òun, ṣùgbọ́n Wietske ṣì ń jẹ́ ẹrú Bauke.

Lẹ́yìn náà ni agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ dá sí i. Ó ní ìjọba ti ń ṣọ́ àwọn tó ń lo ará ìta, ìyẹn àwọn tó ń dá iṣẹ́ ara wọn ṣe, bí ẹni pé ará ilé ni. Nítorí náà, ará ìta kò gbọdọ̀ ní kọ́kọ́rọ́, kò gbọdọ̀ ní àpótí aṣọ, kò sì gbọdọ̀ bá wọn jókòó mu bíà ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Wietske ló gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Gerlof.

"Èmi á wá máa kan ilẹ̀kùn báyìí," ni Gerlof wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Wietske náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú.

Láti ìgbà náà, Gerlof a wá, a ṣiṣẹ́, a lọ. Ta ni yóò béèrè ẹni tí kò sí lórí ìjókòó? Ará ìta kò ní ìjókòó. Nígbà tí òtútù mú, iṣẹ́ kan dé, Wietske pè é, kò gbé e. Ó ní bóyá ó wà ní Hamburg, ó sì pe Jorinde, akunpákó mìíràn tó jẹ́ ará ìta. Àwọn ará Hamburg náà pe Gerlof, kò gbé e, wọ́n ní bóyá Antwerp ló wà. Àwọn ará Antwerp ní bóyá ó ti lọ sílé. Ewúrẹ́ àjọsìn, ebi ní í pa á.

Aládùúgbò rẹ̀ ló ṣàkíyèsí pé yìnyín orí pákó tí a fi ń wọ ọkọ̀ Gerlof kò ní ojú ẹsẹ̀ kankan. Ó kan ilẹ̀kùn títí, ó já a. Ọkàn Gerlof ló dáṣẹ́ sílẹ̀, ó ti tó ọjọ́ mélòó kan.

Èrò pọ̀ níbi ìsìnkú náà, láti ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Froukje, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ń pín búrẹ́dì onísúgà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Wietske àti àwọn àlejò láti Antwerp àti Hamburg, ó dúró.

"Ẹ ṣé tí ẹ wá o. Èwo nínú yín ni àbúrò mi ń bá ṣiṣẹ́?"

Wọ́n wo ara wọn.

Wietske padà lọ bá Bauke, ó ní kí wọ́n yan ẹnì kan tí yóò máa béèrè àlàáfíà àwọn ará ìta lọ́ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bauke kì í ṣe ìkà. Ojú rẹ̀ pọ́n ní itẹ́ òkú. Ṣùgbọ́n ó ní agbẹjọ́rò kò ní gbà. Bí a bá ń tọ́jú wọn bí èèyàn wa, ìjọba yóò ní èèyàn wa ni wọ́n.

"Ṣé wọn kì í ṣe èèyàn wa ni?" ni Wietske bi í.

Bauke yíjú sí ojú fèrèsé.

Ni Wietske bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n fúnra rẹ̀, láti ilé, kó tó jáde ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Jorinde ló kọ́kọ́ pè.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé iṣẹ́ ti dé?"

"Rárá o. Mo ní kí n kàn gbọ́ ohùn rẹ ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bí mo bá ti rí orúkọ yín, iṣẹ́ ni mo máa ń rò. Tí kì í bá wá ṣe iṣẹ́, ó máa ń dùn mí."

Wietske tọrọ àforíjì. Ó béèrè bóyá ara rẹ̀ le, Jorinde ní ó le, ó sì pa fóònù. Wietske jókòó ti kọfí rẹ̀, kò mu ún. Nígbà tó yá, ó tẹ nọ́ńbà ẹni tó kàn.