Bọ́ọ̀sì Tí Wọ́n Wẹ̀ Títí Tí Kò Fi Gun Òkè Mọ́

“Kí lẹ ṣe sí ọkọ̀ mi, tó wọlé síbí tó le koko, tó sì ń ṣàìsàn látìgbà tó ti jáde?”

Ìyá tó ni bọ́ọ̀sì ló béèrè. Ọ̀gá mẹkáníìkì tẹjú mọ́ ẹ́ńjìnnì bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ oríkì bàbá rẹ̀ sí. Àbúrò rẹ̀, tó ń ṣe rewáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, ń wo àjà.

Ìyá yìí kàn gbé ọkọ̀ wá kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì ni. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti kan òkè iwájú ilé-ìwé, agbára á tán, á máa fi ẹ̀yìn rìn, iná á tàn níwájú dírẹ́bà, àwọn ọmọ inú ọkọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ọ̀gá ilé-ìwé ti ní bó bá tún fi ẹ̀yìn rìn lórí òkè náà lọ́la, ọlọ́kọ̀ mìíràn ni yóò máa kó àwọn ọmọ.

Mo-ti-mọ̀ ni wọ́n ń pe ọ̀gá. Kò sí ọ̀tá tó sọ ọ́ lórúkọ náà. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi gbà á. Kóo tó ní ọkọ̀ rẹ ń wúkọ́, ó ti mọ̀. Ẹ̀rọ tó fi ń yẹ ọkọ̀ wò sọ fún un pé sẹ́ńsọ̀ tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ ibi tí apá tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára, wà ń ṣe ségesège. Tọ́bò nìkan ló gbọ́ níbẹ̀, ó sì pààrọ̀ odindi tọ́bò. Àìsàn ò lọ. Ó wá pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀. Àìsàn gbé àga, ó jókòó. Bẹ́ẹ̀, òfin ṣọ́ọ̀bù náà ni pé wọn kì í fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì láìkọ́kọ́ fi omi alágbára fọ̀ ọ́. Ọ̀gá ní ẹ́ńjìnnì tó dọ̀tí kì í sọ òótọ́. Bọ́ọ̀sì ìyá yìí ti wẹ̀ ju ìyàwó ọ̀ṣìngín lọ.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o,” ni rewáyà wí. “Ṣé ẹ ti tú ẹnu wáyà tó wọ sẹ́ńsọ̀ yẹn wò?”

Ọ̀gá ní òun ti mọ wáyà kí wọ́n tó bí i. Rewáyà gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó tú ẹnu wáyà náà, omi kán sílẹ̀. Irin inú rẹ̀ ti ṣe àwọ̀ ewé. Ó dá a padà, ó fi mítà wọ̀n ọ́n: iná tó ń lọ sínú sẹ́ńsọ̀ pé, ṣùgbọ́n bó ṣe ń mi wáyà ni èyí tó ń padà bọ̀ ń fò sókè sódò.

“Tọ́bò ò mọ nǹkan kan. Omi ló ń parọ́ mọ́ ọn. Rọ́bà búlúù róbótó tó yẹ kó dí ẹnu wáyà yìí ni kò sí níbẹ̀, ẹ sì ń fọ̀ ọ́, ẹ ń fọ̀ ọ́. Bí mo bá nù ún láìsí rọ́bà, òjò àkọ́kọ́ á dá a padà síbí.”

Ọ̀gá ní bóyá eku ló gbé rọ́bà jẹ. Ìyá ní eku wo ló mọ tọ́bò báyẹn? Wọ́n wá ilẹ̀, wọ́n da agolo nọ́ọ̀tì sílẹ̀, wọn ò rí i. Ìyá jókòó sórí táyà, ó ní kí wọ́n kúkú bá òun wá ẹni tó máa ra bọ́ọ̀sì.

Ọ̀gá fẹ́ fi hàn pé iṣẹ́ ò tíì bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sókè kó tún fi yẹ ọkọ̀ wò. Wáyà ẹ̀rọ náà ti dẹ̀ lọ́rùn, ọ̀gá sì ti fi nǹkan róbótó kan, aláwọ̀ búlúù, há a láti ọjọ́ tó pààrọ̀ ọ́ìlì, kó má baà máa mì.

Ìyá dìde, ó sún mọ́ ọn.

“Ọ̀gá, kí lẹ fi há ọrùn ẹ̀rọ yín yẹn?”

Rewáyà ti na ọwọ́.